Má Da Ìpéré Ọmọ Náà Nù

Ilé Ràbíátù Onígàrí,
Lásùnwọ̀n, Ìkòròdú.

Nímọ̀ta, Àdùkẹ́ mi,

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìjókòó, kí ó má bá ọ lórí àìsàn. Ara èmi le, àfi eékún tó máa ń ro mí bí òjò bá ti ṣú. Mo kí Ràímì ọkọ rẹ, mo kí ìyá rẹ̀, mo sì kí ọmọ kékeré tí o bá nílé wọn.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí. Wò ó bí ìwé náà ṣe rí wọ́gọwọ̀gọ. Ó lé ní ọdún kan tí mo ti ń lọ sí ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ní ìrọ̀lẹ́, tí àwọn èèyàn sì ń bi mí pé kí ni onígàrí fẹ́ fi ìwé ṣe. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí n kò lè pe akọ̀wé kí ó bá mi kọ, nítorí n kò fẹ́ kí etí mìíràn gbọ́ ọ ṣáájú tìrẹ. Mo ti fẹ́ dúró títí ọwọ́ mi yóò fi gún régé, ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ tó dé lọ́sẹ̀ tó kọjá kò jẹ́ kí n lè dúró mọ́.

O ní láti ìgbà tí o ti wọ ilé Ràímì ní Ẹ̀pẹ́, Awáwù, ọmọbìnrin tí ìyàwó rẹ̀ tó kú fi sílẹ̀, kì í bá ọ sọ ju "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ kú alẹ́" lọ. O ní o ń gbálẹ̀, o rí igbá kan lẹ́yìn àpótí aṣọ ọmọ náà, ilẹ̀ tútù àti ewé wà nínú rẹ̀, ìpéré mọ́kànlá sì ń fà káàkiri nínú rẹ̀. O ní ìyá ọkọ rẹ sọ pé ìdọ̀tí ni, pé kí o dà wọ́n síná tàbí kí o sè wọ́n jẹ, kí ọmọ náà lè mọ̀ pé ilé ti ní obìnrin. O wá bi mí pé kí ni kí o ṣe.

Àdùkẹ́, má ṣe é. Má da ìpéré ọmọ náà nù, má sì sè wọ́n. Bí o kò bá lè ka lẹ́tà yìí tán, jẹ́ kí ìyẹn tó ọ. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, kà á tán. Ohun tí wọ́n ní kí o ṣe yẹn, èmi ti ṣe é rí. Sàlámọ́tù àbúrò rẹ ni mo ṣe é fún.

Mo mọ ohun tí wọ́n sọ fún ọ nípa ikú Sàlámọ́tù. Ẹ̀pẹ́ ni o wà nígbà náà lọ́dọ̀ ìyá mi. Wọ́n ní ejò ló bù ú jẹ nínú igbó, pé àmúwá Ọlọ́run ni. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ yẹn rán wọn sí ọ. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Ìdajì kejì rèé.

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Sàlámọ́tù nígbà tí a mú ọ lọ sí Ẹ̀pẹ́, nítorí náà o kò mọ irú ọmọ tó wá dà. Bó ṣe ń dàgbà ni a rí i pé akólòlò ni. Bí ó bá fẹ́ sọ pé òun fẹ́ mu omi, ọrùn rẹ̀ á kọ́kọ́ le, ojú rẹ̀ á pọ́n, àwọn ọmọ àdúgbò á sì ti máa sín in jẹ kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde. Nígbà tó yá, kò bá wọn ṣeré mọ́. Bàbá yín wà lórí ọ̀sà, ó ń fi ọkọ̀ kó igi ìdáná àti gàrí lọ sí Èkó, ó sì lè lo ọ̀sẹ̀ méjì kí a tó rí i. Èmi wà nídìí agbada gàrí láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ọmọ náà kò ní ẹni tí ń bá sọ̀rọ̀.

Ní àkókò òjò kan, ó rí ìpéré mẹ́ta lábẹ́ èèpo ẹ̀gẹ́ tí mo kó jọ sẹ́yìn ilé. O mọ ìpéré, kì í dàgbà tó ìgbín. Èyí tó tóbi jù nínú wọn kò ju àtàǹpàkò ọkùnrin lọ, ìdí ìkarahun rẹ̀ á sì rí ṣóṣóró. Ó kó wọn sínú ìkòkò kan tí ẹnu rẹ̀ ti ya, ó bu ilẹ̀ dúdú sí i, ó fi ajọ̀ tí mo ti lò gbó dé e lórí, ó sì gbé òkúta lé e. Mo rò pé eré ọjọ́ kan ni. Ó ṣe é fún ọdún kan ààbọ̀.

Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ìpéré lónìí, ọ̀dọ̀ ọmọ náà ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ pé wọn kò fẹ́ oòrùn, pé kí ilẹ̀ wọn máa tutù ṣùgbọ́n kí ó má di ẹrẹ̀. Ó mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn ewé ìbẹ́pẹ, àti pé èèpo ẹyin tí a bá lọ̀ sí oúnjẹ wọn ní ń jẹ́ kí ìkarahun wọn le. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n fi nǹkan funfun pẹlẹbẹ dí ẹnu, mo sọ fún un pé wọ́n ti kú, kí ó lọ dà wọ́n nù. Ó mi orí. Ó ní, "Wọ́n ń s-s-sùn ni, Ìyá mi." Bí òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀, wọ́n jí lóòótọ́. Wọ́n tún yé ẹyin sínú ilẹ̀, ẹyin náà kéré bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọmọ tuntun. Ó sáré wá pè mí pé kí n wá wò ó. Mo ní gàrí ń jóná nínú agbada. N kò lọ.

Ó fún wọn lórúkọ. Ọ̀kan ń jẹ́ Ọ̀lẹ, ọ̀kan ń jẹ́ Àlejò. Èyí tó ní ìlà funfun lẹ́yìn, ó pè é ní Nímọ̀ta, ó ní ẹ̀gbọ́n òun tó wà ní Ẹ̀pẹ́ ni. Lọ́jọ́ kan mo ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, mo gbọ́ tí ó ń ròyìn ilé fún Nímọ̀ta yẹn: ohun tí a jẹ, ẹni tó lu òun, ọjọ́ tí bàbá òun yóò dé. Àdùkẹ́, ọ̀rọ̀ náà ń lọ geere. Kò kólòlò rárá. Ó yẹ kí n lọ jókòó tì í. Mo padà sídìí iná mi, mo sì ń sọ lọ́kàn ara mi pé ọmọ tó ń bá ìpéré sọ̀rọ̀, àfàìmọ̀ kí orí rẹ̀ má dàrú.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni mo fẹ́ kí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà kúrò lọ́nà tèmi. Ẹni tí kò gbọ́ èdè ẹ̀gà ní ń sọ pé ẹ̀gà ń pàtótó. Pé Awáwù kì í bá ọ sọ̀rọ̀ kò ní kí ó má ní ọ̀rọ̀ nínú. Lọ jókòó nídìí igbá yẹn. Má bi í léèrè ìyá rẹ̀ tó kú, má sì bi í bóyá ó fẹ́ràn rẹ. Bi í pé kí ni orúkọ àwọn ìpéré náà. Bí ó bá ní wọn kò lórúkọ, gbà bẹ́ẹ̀, kí o tún padà wá jókòó lọ́jọ́ kejì.

Mo fẹ́ sọ bí ibi náà ṣe dé báyìí.

Obìnrin kan wà tó ń wá láti Èkó, Ìyá Sùmọ́nù là ń pè é, òun ló ń ra gàrí mi jù. Lọ́jọ́ kan ní etí omi ní Ìpakodò, ó ki ọwọ́ bọ apẹ̀rẹ̀ mi láti tọ́ gàrí wò. Nígbà tí ó fa ọwọ́ yọ, ìpéré kékeré kan lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀. Ó gbé e sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i.

Ó ní, "Ràbíátù, o ò sọ fún wa pé o ti ń ta gàrí tòun tẹran."

Gbogbo èbúté bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọlọ́kọ̀ rẹ́rìn-ín, àwọn obìnrin tí mo jẹ́ àgbà fún rẹ́rìn-ín. Ìyá Sùmọ́nù lọ ra gàrí lọ́wọ́ ẹlòmíràn lójú mi. Mo di ẹrù mi padà sí Lásùnwọ̀n. N kò mọ̀ títí di òní bóyá ti Sàlámọ́tù ni ìpéré yẹn tàbí èyí tó ti ẹ̀yìnkùlé wọ́ wá fúnra rẹ̀. N kò tilẹ̀ rò ó wò.

Sàlámọ́tù ti lọ sí ilé kéú nígbà tí mo délé. Mo gbé omi kaná. Nígbà tó hó, mo gbé ìkòkò rẹ̀ wá, mo sì da gbogbo wọn sínú omi náà. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n, pẹ̀lú àwọn kéékèèké. Mo fi abẹ́rẹ́ ńlá yọ wọ́n nínú ìkarahun, mo fi iyọ̀ fọ̀ wọ́n, mo sì sè wọ́n mọ́ ọbẹ̀ ilá. Mo rí èyí tó ní ìlà funfun lẹ́yìn. Mo sè é pẹ̀lú àwọn yòókù.

Ebi ń pa ọmọ náà nígbà tó dé. Mo gbé èbà fún un. Ó jẹun, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ìyá mi, ọ-ọbẹ̀ yìí dùn."

Mo jẹ́ kí ó jẹ ẹ́ tán. Ìgbà tó ń lá ìka ni mo wá sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ìpéré rẹ lo jẹ yẹn. Lọ wo ìkòkò rẹ. Ọjọ́ tí o bá tún kó ìdọ̀tí wá sílé yìí, pàṣán ni màá fi bá ọ sọ̀rọ̀."

Mo rò pé yóò sunkún, kí n lè nà án, kí inú mi sì rọ̀. Kò sunkún. Ó dìde, ó fọ àwo, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ níbi tí a ń dojú rẹ̀ dé. Ó jáde lọ sórí ààtàn, ó ṣa àwọn ìkarahun náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbẹ́ ilẹ̀, ó sin wọ́n. Láti ọjọ́ yẹn, bí n kò bá bi í léèrè nǹkan, kì í bá mi sọ̀rọ̀. Inú mi tilẹ̀ dùn. Mo sọ fún Ìyá Kúdí, aládùúgbò wa, pé ìṣasùn ọbẹ̀ ilá kan ni mo fi wo ọmọ mi sàn. Ìyá Kúdí kò rẹ́rìn-ín.

Ọmọ mi, wọ́n máa fi ọ́ ṣẹ̀sín níta. Ìyàwó tuntun ni ọ́, ilé onílé ni o sì wà. Bí wọ́n bá dójú tì ọ́ lọ́jà, jókòó sójú ọ̀nà títí ìtìjú náà yóò fi tán lára rẹ kí o tó wọlé. Èmi kò lè dá Ìyá Sùmọ́nù lóhùn ní Ìpakodò. Ẹni tó kéré jù lọ nílé mi, ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yọ lẹ́nu rẹ̀, òun ni mo wá dá lóhùn. Bí o bá rí i pé ẹni tí kò lè bá ọ jà ni ìbínú rẹ ń lọ bá, mọ̀ pé kì í ṣe òun ló ṣẹ̀ ọ́.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, òjò rọ̀ mọ́jú. Ní àárọ̀, Sàlámọ́tù ní òun ń lọ pọn omi. Ó pẹ́ kí ó tó dé, omi tó sì pọn dé kò tó ìdajì ìkòkò. Mo bá a wí. Mo ní kí ó wá bá mi jọ̀ gàrí. Ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ abẹ́ aṣọ, ó ń fi ọwọ́ òsì jọ̀ ọ́.

Mo ní, "Ta ni ó ń fi ọwọ́ òsì jọ̀ ohun tí èèyàn yóò jẹ?"

Mo gbá a létí. Ó yọ ọwọ́ ọ̀tún náà díẹ̀, ó fi kan ajọ̀, ó sì tún kó o padà sábẹ́ aṣọ. Ọwọ́ mi dí, n kò wò ó. Nígbà tó yá, ó lọ fara ti ògiri, ó bì. Mo ní máńgòrò àìpọ́n ló jẹ, kí ó bu ilẹ̀ bò ó. Ó bu ilẹ̀ bò ó. Ó tún bì lẹ́ẹ̀kejì. Iná gàrí wà lójú mi, mo sì fẹ́ parí rẹ̀ kí ọkọ̀ ọ̀sán tó ṣí.

Nígbà tí oòrùn kàn àtàrí, mo pè é, kò dìde. Mo lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Mo ká aṣọ kúrò. Àdùkẹ́, ọwọ́ náà ti wú dé ìgúnpá, ó ń dán, ó sì ti dúdú. Ojú eyín méjì wà lẹ́yìn ìka rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó rí bí omi ń sun níbẹ̀.

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Ejò."

"Nígbà wo?"

"Ní à-àárọ̀."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ẹ ó nà mí."

Mo bi í pé kí ló lọ ṣe nínú igbó. Ó wo ojú mi bí ẹni tó ń wá ibi tí yóò bá sá.

"Mo lọ wò wọ́n ni. Lábẹ́ ewé. N kò m-mú ìkankan wálé, Ìyá mi. N kò mú ìkankan wálé."

Ọmọ tó ń kú ló ń bẹ̀ mí báyẹn pé òun kò rú òfin mi.

Mo gbé e jáde. Bàbá Kúdí gbé e sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, èmi ń sáré tẹ̀ lé wọn láìwọ bàtà. Ọkùnrin tó ń tọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe. Ó ní bí egbò náà ṣe rí, paramọ́lẹ̀ ni. Ó bi mí pé ìgbà wo ló bù ú jẹ. Mo ní ní àárọ̀. Ó wo oòrùn níta, ó sì wò mí. Kí ladánì tó pe ìrun Àsárì, Sàlámọ́tù ti lọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sin ín.

Àwọn èèyàn kún ilé wa. Wọ́n ní kí n gba kámú, pé ejò kì í béèrè ẹni. Mo gba ìkíni wọn bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kẹta bàbá yín gúnlẹ̀ láti Èkó. Wọ́n ti sọ fún un ní èbúté. Ó wọlé, ó jókòó, kò ṣí fìlà. Ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Ó ní, "Ṣé ó tètè sọ fún ọ?"

Mo ní, "Ó tètè sọ."

Ó ní, "Ọlọ́run ló mọ̀, nígbà náà. O ti sa ipá rẹ."

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni òun náà kú. Irọ́ yẹn wà láàárín wa nílé títí wọ́n fi gbé e jáde. Ó máa ń pọ́n mi lé nítorí rẹ̀, ó máa ń sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe yọ mí lẹ́nu, pé ojú mi ti rí nǹkan. Ìyá Kúdí nìkan ló mọ̀ nípa ọbẹ̀ ilá. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kò fi ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀ mi mọ́.

Ìmọ̀ràn tí mo tìtorí rẹ̀ kọ́ ìwé nìyí. Ọmọ tó bá bẹ̀rù ìyá rẹ̀ ju ejò lọ, ejò náà ni yóò fọwọ́ lé. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, ká fi tòsì fà á mọ́ra. Ti ọ̀tún nìkan ni èmi mọ̀. N kò ní kí o má bá Awáwù wí. Bí ó bá purọ́, bá a wí. Bí ó bá bú àgbà, bá a wí. Ṣùgbọ́n kí ó dá a lójú pé bí nǹkan bá dun òun, ọ̀dọ̀ rẹ ni òun yóò sá wá, bó ti wù kí ohun tí òun ṣe burú tó. Ẹnu rẹ nìkan kò tó láti fi sọ ìyẹn fún ọmọ. Ọjọ́ tó bá fọ́ àwo rẹ tó dára jù, tí o kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá àfọ́kù gé e, ọjọ́ náà ni yóò gbà ọ́ gbọ́.

Má jẹ́ kí ó máa tọ́jú wọn ní ìkọ̀kọ̀ lẹ́yìn àpótí mọ́. Wá ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, gbé e síbi tí òjìji wà lẹ́yìn ilé, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ń da eérú tàbí omi iyọ̀, torí méjèèjì ní ń pa wọ́n. Kọ́ ọ kí ó máa fi ọṣẹ fọwọ́ bí ó bá ti fọwọ́ kàn wọ́n tán. Bí ó bá fẹ́ wá òmíràn, má dá a dúró, má sì jẹ́ kí ó dá lọ. Tẹ̀ lé e. Wọ bàtà, kí òun náà wọ̀ ọ́. Mú igi gígùn dání, igi ni kí ẹ fi ṣí ewé, kì í ṣe ọwọ́. O lè rò pé iṣẹ́ ilé kò ní jẹ́ kí o ráyè. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Gàrí tí mo yan lọ́jọ́ yẹn, n kò rántí ẹni tó rà á.

Ní ti ìyá ọkọ rẹ, kúnlẹ̀ fún un, má bá a jiyàn. Sọ fún un pé, "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀lẹ̀ mú un." Àgbà ni, yóò mọ̀ pé ohun tí a bá fi ẹ̀lẹ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ó bá bínú, jẹ́ kí ó bínú sí ọ. Ó sàn kí òun bínú sí ọ ju kí Awáwù máa fi ara pamọ́ fún ọ lọ. Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Ràímì ni o fẹ́, ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e wá, o kò lè mú ọ̀kan kí o fi ìkejì sílẹ̀.

Bí o bá sì ṣẹ ọmọ, bẹ̀ ẹ́. Wọ́n kọ́ wa pé àgbà kì í bẹ ọmọdé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ní láti fi sọ fún Sàlámọ́tù pé ohun tí mo ṣe kò dára. Lójoojúmọ́ ni ó ń kọjá níwájú mi pẹ̀lú ìkòkò omi. Gbólóhùn kan péré ni, èmi kì í sì í ṣe akólòlò.

Ó ku tìrẹ. Mo ti mú ọ fún ìyá mi nígbà tí o wà lọ́mọdé, mo sì jẹ́ kí o ṣọ̀fọ̀ àbúrò rẹ lórí ìdajì ọ̀rọ̀. O ti fi ẹnu ara rẹ tù mí nínú lórí ikú yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì gbà á lọ́wọ́ rẹ. Má dárí jì mí kíákíá nítorí pé mo jẹ́ ìyá rẹ. N kò kọ èyí kí o lè dárí jì mí. Mo kọ ọ́ nítorí pé ọmọ kan wà nílé rẹ, o sì bi mí ní ìbéèrè.

Má fi èsì rán ẹnikẹ́ni. Bí o bá fẹ́ wá, wá. Bí o kò bá wá ní ọdún yìí, yóò yé mi. Àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ máa ń gúnlẹ̀ ní Ìpakodò lọ́jọ́ ọjà, ṣùgbọ́n n kò ní lọ dúró sétí omi láti máa wò wọ́n, torí n kò ní ẹ̀tọ́ láti máa retí rẹ. Ilé ni màá wà.

Èmi ni ìyá rẹ, àti ìyá Sàlámọ́tù,

Ràbíátù.